Bluetooth: Bí Ẹ̀rọ Aláìlówáyà Ṣe Ń Bá Kọ̀ǹpútà Pín Iṣẹ́ Ṣe

Bluetooth ni orúkọ ìlànà kan tí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n súnmọ́ ara wọn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ ìgbì rédíò, láìsí wáyà láàárín wọn. Òun ni ó mú kí kíbọ́ọ̀dù, máúsì, íápíìsì, sípíkà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré àti fóònù alágbèéká lè ṣiṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà láti orí tábìlì, láti inú àpò tàbí láti ìkángun yàrá. Kì í ṣe òun nìkan ni ìlànà aláìlówáyà tí kọ̀ǹpútà ń lò. Wi-Fi wà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn máúsì kan wà tí wọ́n ń lo ìlànà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bluetooth ni ó fi ọ̀nà tí irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà wáyé hàn jù lọ, òun ni àkọsílẹ̀ yìí sì gbé kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ.

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, gbólóhùn kan ṣoṣo ni a fi ń sọ gbogbo rẹ̀: a ó ní fóònù ti so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ní tòótọ́, nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ méjèèjì kọ́kọ́ wá ara wọn rí; wọ́n dá ara wọn mọ̀, wọ́n sì ṣe àdéhùn; wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí iṣẹ́ tí ọ̀kan yóò ṣe fún èkejì; lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ àárín àwọn ìpele wọ̀nyí yóò mọ ibi tí ìṣòro wà nígbà tí ohùn kò bá já gaara. Yóò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó kọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ tí kò mọ̀ rí bá ń tọrọ ààyè.

Ìtàn àti orúkọ rẹ̀

Iṣẹ́ lórí Bluetooth bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Ericsson ní ìlú Lund, ní orílẹ̀-èdè Swídìn, ní ọdún 1994. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀nà tí fóònù alágbèéká yóò fi lè bá àwọn ohun èlò rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìlo wáyà, ní owó pọ́ọ́kú, láìjẹ bátìrì tán. Jaap Haartsen, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, àti Sven Mattisson, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, Ericsson, Intel, IBM, Nokia àti Toshiba kéde ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀, tí a mọ̀ sí Bluetooth SIG, láti máa tọ́jú ìlànà náà kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan lè bá ti òmíràn ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìlànà náà jáde ní ọdún 1999.

Orúkọ náà wá láti ọ̀dọ̀ Harald Blåtand, ọba Dẹ́nmárkì ní ọ̀rúndún kẹwàá, tí àpèlé rẹ̀ túmọ̀ sí eyín aláwọ̀ búlúù. Jim Kardach ti ilé-iṣẹ́ Intel ni ó dábàá rẹ̀ ní ọdún 1997, nítorí pé a máa ń rántí Harald gẹ́gẹ́ bí ọba tí ó kó àwọn ènìyàn tí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ jọ sábẹ́ ìjọba kan, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tuntun náà ṣe fẹ́ kó fóònù àti kọ̀ǹpútà jọ. Orúkọ ìgbà díẹ̀ ni wọ́n pè é nígbà náà, ṣùgbọ́n òun ni ó dúró. Àmì Bluetooth tí a ń rí lójú fóònù jẹ́ àpapọ̀ lẹ́tà méjì nínú ìkọ̀wé àtijọ́ àwọn ará àríwá Yúróòpù, tí wọ́n dúró fún H àti B, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àti àpèlé ọba náà.

Ìgbì tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà

Ìgbì rédíò tí Bluetooth ń lò wà láàárín megahertz 2,400 àti megahertz 2,483.5. Apá kan ni èyí jẹ́ nínú agbègbè ìgbì tí ITU, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀, yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́, ti sáyẹ́ǹsì àti ti ìṣègùn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì gbà kí ẹ̀rọ kékeré tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ máa lò ó láìjẹ́ pé olúkúlùkù gba ìwé àṣẹ fún ìgbì. Èyí ni ó fà á tí íápíìsì tí a rà ní Èkó fi ń ṣiṣẹ́ ní Kánò, ní Akra àti ní Lọ́ńdọ̀nù láìsí ìyípadà kankan. Ṣùgbọ́n ọjà tí a kì í gba owó ìsọ̀ níbẹ̀ kì í ṣófo. Wi-Fi wà nínú agbègbè yìí kan náà, máúsì aláìlówáyà mìíràn wà níbẹ̀, ìgbì inú ààrò máíkíróweefù sì ń jò síbẹ̀.

Ọgbọ́n tí Bluetooth ń dá sí ariwo yìí ni fífò. Irú Bluetooth àkọ́kọ́ pín agbègbè ìgbì náà sí ojú-ọ̀nà 79, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó megahertz 1, ó sì lè fò láti ojú-ọ̀nà kan sí òmíràn ní ìgbà 1,600 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú àwùjọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kan ni aṣáájú, tí ó sábà máa ń jẹ́ kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Àdírẹ́sì àti aago aṣáájú yìí ni a fi ń ṣírò ètò ìfò náà, nítorí náà gbogbo ẹ̀rọ inú àwùjọ ń fò pọ̀ ní ìṣísẹ̀ kan náà. Bí ariwo bá ba ìdì ọ̀rọ̀ kan jẹ́ ní ojú-ọ̀nà kan, a lè tún un fi ránṣẹ́ ní ojú-ọ̀nà mìíràn kí olùlò tó fura. Láti ìgbà ẹ̀dà 1.2, tí ó jáde ní ọdún 2003, àwọn ẹ̀rọ tún lè yẹra fún ojú-ọ̀nà tí wọ́n bá rí pé Wi-Fi ti gbà kan. Èrò pé kí ìgbì máa fò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1942, Hedy Lamarr, òṣèré sinimá, àti George Antheil, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ orin sílẹ̀, gba ìwé ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá ní Amẹ́ríkà fún ọ̀nà tí ìgbì tí a fi ń darí ohun ìjà abẹ́ omi yóò fi máa fò, kí ọ̀tá má baà lè dí i lọ́wọ́.

Ẹ̀dà 4.0, tí ó jáde ní ọdún 2010, mú irú kejì wá, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bluetooth Low Energy. Ojú-ọ̀nà 40 ni eléyìí ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó megahertz 2. Ẹ̀rọ tí ń lò ó a máa sùn ní ọ̀pọ̀ ìgbà, a jí fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ láti sọ ohun tí ó ní í sọ, a sì tún padà sùn. Ìdí nìyí tí máúsì tàbí ẹ̀rọ tí ń ka ìlùkìkì ọkàn fi lè lo bátìrì kékeré kan fún ọ̀pọ̀ oṣù. Irú àkọ́kọ́ àti irú kejì kì í gbọ́ ara wọn tààrà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kọ̀ǹpútà àti fóònù òde òní ló gbọ́ méjèèjì.

Bí ohùn ìgbì náà ṣe ń jìnnà tó wà lọ́wọ́ agbára tí a fún un. Ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ jẹ́ milliwatt 2.5 sábà máa ń gbọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ní ìwọ̀n mítà 10. Èyí tí ó bá ní milliwatt 100 lè dé mítà 100 ní ìta gbangba. Ògiri ń dín in kù. Ara ènìyàn pàápàá ń dín in kù, nítorí pé omi pọ̀ nínú ara, omi a sì máa fa ìgbì yìí mu. Fóònù tí ó wà nínú àpò ẹ̀yìn lè máa já ohùn gé sínú íápíìsì tí kò jìnnà sí i ju mítà kan lọ, nítorí pé ara olówó rẹ̀ ni ó dúró sáàárín. Ní ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ Intel tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé ojúhò USB 3.0 àti wáyà rẹ̀ ń pariwo nínú agbègbè gigahertz 2.4. Fún ìdí yìí, máúsì tí ń ṣe ségesège lè padà sípò nígbà tí a bá gbé ẹ̀rọ ìkó-nǹkan-pamọ́ tí a kì bọ kọ̀ǹpútà jìnnà sí i díẹ̀.

Ìwárí àti ìsomọ́ra

Kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ pé íápíìsì kan wà nítòsí bí íápíìsì náà kò bá fẹ́ kí a rí òun. Èyí ni iṣẹ́ bọ́tìnnì tí a máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí iná kékeré yóò fi máa ṣẹ́jú: ó ń sọ fún íápíìsì pé kí ó fara hàn fún ìgbà díẹ̀. Nínú irú àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà ni ó ń ké pe ẹni tí ó bá wà nítòsí, ẹ̀rọ tí ó gbà kí a rí òun a sì dáhùn. Nínú Low Energy, ẹ̀rọ kékeré ni ó ń kéde ara rẹ̀ lórí ojú-ọ̀nà mẹ́ta tí a yà sọ́tọ̀ fún ìkéde nínú 40 náà, kọ̀ǹpútà a sì máa tẹ́tí sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ fi ń hàn ni àdírẹ́sì tí ó gùn ní bíìtì 48, àti orúkọ tí ènìyàn lè kà. Àkíyèsí pàtàkì ni pé ẹnikẹ́ni lè yí orúkọ náà padà. Orúkọ tí ó hàn lójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀rọ tí ń jẹ́ ẹ ni ó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìwárí ni ìsomọ́ra kàn, èyí tí a lè fi wé ìmulẹ̀ láàárín ẹni méjì tí wọn kò mọ ara wọn rí. Títí di nǹkan bí ọdún 2007, nọ́ńbà kúkúrú ni a ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ méjèèjì. Nítorí pé íápíìsì kò ní ibi tí a lè tẹ nọ́ńbà sí, àwọn tí ń ṣe é a máa fi 0000 tàbí 1234 sínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀dà 2.1, tí ó jáde ní ọdún 2007, mú ọ̀nà tuntun wá. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣẹ̀dá nọ́ńbà ńlá kan tí ó fi pamọ́, ó sì ti inú rẹ̀ ṣírò òmíràn tí ó fi ránṣẹ́ ní gbangba. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá pa ohun tí ó fi pamọ́ pọ̀ mọ́ ohun tí ó gbà, àwọn méjèèjì yóò rí àbájáde kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ ní gbangba kò ní lè ṣírò rẹ̀. Láti inú àbájáde yìí ni wọ́n ti ń rọ kọ́kọ́rọ́ tí yóò máa sọ ọ̀rọ̀ wọn di àdìtú.

Ìṣirò yìí lágbára, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò lè ṣe. Ó lè dí etí ẹni tí ń yọ́ gbọ́. Kò lè sọ ẹni tí ó wà ní òdìkejì. Bí ayédèrú ẹ̀rọ bá dúró sáàárín, tí ó bá kọ̀ǹpútà mulẹ̀ lápá kan, tí ó sì bá fóònù mulẹ̀ lápá kejì, kọ́kọ́rọ́ méjì ni yóò wà, àdìtú méjì ni yóò wà, ayédèrú náà yóò sì máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí ń kọjá. Nítorí èyí ni nọ́ńbà oníye mẹ́fà fi ń hàn lójú kọ̀ǹpútà àti lójú fóònù nígbà ìsomọ́ra. A ṣírò nọ́ńbà náà láti inú ohun tí ẹ̀rọ méjèèjì jọ sọ. Bí ayédèrú bá wà láàárín, nọ́ńbà méjèèjì yóò yàtọ̀. Ààyè tí ó wà pé kí wọ́n ṣèèṣì bá ara wọn mu kò ju ẹyọ kan nínú 1,000,000 lọ. Ẹ̀rọ kò lè ṣe àfiwé yìí fún ara rẹ̀. Ojú ènìyàn ni a gbára lé. Ẹni tí ó bá tẹ bọ́tìnnì ìgbà-bẹ́ẹ̀ láìwo nọ́ńbà náà ti mú ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ààbò náà kúrò.

Ọ̀nà mẹ́rin ni ìlànà náà là sílẹ̀ fún ìsomọ́ra. Àkọ́kọ́ ni àfiwé nọ́ńbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ìkejì ni pé kí a tẹ nọ́ńbà tí ó hàn lójú ẹ̀rọ kan sínú èkejì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún kíbọ́ọ̀dù. Ìkẹta ni pé kí ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ gba ọ̀nà mìíràn tí kì í ṣe Bluetooth, fún àpẹẹrẹ nígbà tí a bá fi fóònù kan ara sípíkà tí ó ní NFC. Ìkẹrin ni pé kí ẹ̀rọ méjèèjì gba ara wọn láìbéèrè ohunkóhun. Èyí ni a ń lò fún ohun tí kò ní ojú tí a lè kà nǹkan lórí rẹ̀, bí íápíìsì. Ọ̀nà kẹrin yìí rọrùn jù, ààbò rẹ̀ sì kéré jù, nítorí pé kò sí ẹni tí ó jẹ́rìí sí ìmulẹ̀ náà.

Nígbà tí ìsomọ́ra bá parí, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yóò fi kọ́kọ́rọ́ náà pamọ́ sínú ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, wọn kì í béèrè mọ́. Bí wọ́n bá ti gbúròó ara wọn, wọ́n á so pọ̀. Èyí ni ó fà á tí íápíìsì ẹnìkan nínú ilé fi lè lọ so mọ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn nígbà tí ó ń retí rẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀: kọ́kọ́rọ́ méjèèjì ni ó wà lọ́wọ́ íápíìsì náà, ẹni tí ó kọ́kọ́ dáhùn ni ó bá lọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń pín

Ìsomọ́ra kò tíì sọ iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe. Fún ìyẹn, Bluetooth ní àkójọ àwọn ìlànà iṣẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ kan pàtó. Kọ̀ǹpútà yóò bi ẹ̀rọ tí ó so mọ́ ọn léèrè iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, yóò sì yan èyí tí òun náà mọ̀. Bí ẹ̀rọ méjèèjì kò bá ní ìlànà iṣẹ́ kan náà, wọ́n lè somọ́ra dáadáa kí nǹkan kan má sì ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí olùlò ń sọ pé ẹ̀rọ ti so mọ́ra ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́, ibí yìí ni ìdí rẹ̀ wà.

Kíbọ́ọ̀dù àti máúsì ń lo ìlànà tí a ń pè ní HID. Máúsì kò sọ ibi tí ọfà wà lójú kọ̀ǹpútà. Ìwọ̀n tí ó fi ṣí sí ẹ̀gbẹ́ àti síwá-sẹ́yìn ni ó ń sọ, pẹ̀lú bọ́tìnnì tí a tẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù náà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ojú bọ́tìnnì ni ó ń fi ránṣẹ́: ojú A jẹ́ 4, ojú E jẹ́ 8. Kọ̀ǹpútà ni ó ń pinnu lẹ́tà tí nọ́ńbà náà dúró fún, gẹ́gẹ́ bí ètò èdè tí a yàn sínú rẹ̀. Èyí wúlò púpọ̀ fún àwọn èdè Nàìjíríà. Ẹni tí ó fẹ́ kọ ẹ, ọ àti ṣ ti Yorùbá, ị àti ụ ti Ígbò, tàbí ɓ, ɗ àti ƙ ti Haúsá kò nílò láti ra kíbọ́ọ̀dù pàtàkì. Ètò èdè tí ó tọ́ ni kí ó fi sínú kọ̀ǹpútà, kíbọ́ọ̀dù yòówù tí ó bá so mọ́ ọn yóò sì kọ wọ́n.

Íápíìsì ni ó fi ìyàtọ̀ àárín ìlànà iṣẹ́ hàn jù lọ, nítorí pé méjì ni ó sábà máa ń ní. Fún orin, ó ń lo A2DP, níbi tí ohùn ti ń lọ sí apá kan ṣoṣo, láti kọ̀ǹpútà sí etí, pẹ̀lú ohùn òsì àti ti ọ̀tún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Fún ìpè, ó ń lo HFP, níbi tí ohùn ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀. Ààyè tí a yà sọ́tọ̀ fún ohùn ìpè nínú irú àkọ́kọ́ kò ju kìlóbíìtì 64 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ní apá kọ̀ọ̀kan. Nínú rẹ̀, ìgbà 8,000 ni a ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, tàbí 16,000 nínú àwọn ẹ̀rọ tuntun, nígbà tí ti orin inú CD jẹ́ 44,100. Ìdí nìyí tí orin fi ń dún bí ẹni pé inú agolo ni ó ti ń jáde ní kété tí ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì bá bẹ̀rẹ̀. Íápíìsì kò bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà ni ó fi A2DP sílẹ̀ bọ́ sínú HFP nítorí pé ètò kan fẹ́ lo makirofóònù íápíìsì náà. Bí a bá yan makirofóònù ara kọ̀ǹpútà dípò rẹ̀, ohùn etí lè padà sí bí ó ti wà. Ètò ohùn tuntun tí a kéde ní oṣù Kìíní ọdún 2020, LE Audio, ní ọ̀nà ìfún-ohùn-pọ̀ tí ó dára jù, LC3, tí ó ń jẹ́ kí ohùn ìpè já gaara láìgba ààyè púpọ̀.

Ìlànà iṣẹ́ mìíràn wà fún fífi fáìlì ránṣẹ́, fún bíbá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rìsíìtì sọ̀rọ̀, àti fún bíbá kọ̀ǹpútà pín íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù. Nínú gbogbo wọn, ohun tí a ń pín ni iṣẹ́ tí ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n ṣe, kì í ṣe ẹ̀rọ náà látòkèdélẹ̀. Fóònù tí ń fún kọ̀ǹpútà ní íntánẹ́ẹ̀tì kò tìtorí bẹ́ẹ̀ ṣí àwòrán inú rẹ̀ sílẹ̀ fún un, àyàfi bí olówó rẹ̀ bá tún fọwọ́ sí ìyẹn.

Wi-Fi àti rísífà USB

Wi-Fi, tí ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1997 lábẹ́ nọ́ńbà IEEE 802.11, ń gbé ọ̀rọ̀ púpọ̀ jìnnà jù, ó sì ń jẹ agbára jù. Òun ni ó tọ́ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò, fún gbígbé àwòrán ojú kọ̀ǹpútà sórí tẹlifíṣọ̀n, àti fún pínpín íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìyàtọ̀ yìí hàn nínú ìṣirò. Ẹ̀dà Bluetooth tí ó ń yára nínú irú àkọ́kọ́ lè gbé tó mẹ́gábíìtì 2.1 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Orin tí ó tó mẹ́gábáìtì 4 yóò kọjá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15, ṣùgbọ́n fíìmù tí ó tó mẹ́gábáìtì 700 yóò gbà tó ìṣẹ́jú 44, bí nǹkan kan kò bá tilẹ̀ dí i lọ́wọ́.

Àwọn máúsì àti kíbọ́ọ̀dù kan wà tí wọ́n ń bá rísífà kékeré kan wá, èyí tí a ń kì bọ ojúhò USB. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe Bluetooth, bí wọ́n tilẹ̀ ń lo gigahertz 2.4 kan náà. Ilé-iṣẹ́ ni ó ti so máúsì àti rísífà rẹ̀ pọ̀ kí a tó rà wọ́n, nítorí náà kọ̀ǹpútà kò ní ìsomọ́ra kankan láti ṣe. Bí rísífà náà bá sọnù, máúsì náà sábà máa ń di aláìwúlò.

Ní Nàìjíríà àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ní Nàìjíríà, NCC, àjọ tí ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀, ni ó ń yẹ irú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wò tí ó sì ń fọwọ́ sí wọn kí wọ́n tó dé ọjà. Ìgbà tí fóònù GSM dé sí orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 2001 ni ọ̀nà ṣí fún Bluetooth láti tàn ká láàárín àwọn ènìyàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí dátà ṣì wọ́n gan-an, pínpín orin, àwòrán àti fíìmù láti fóònù dé fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, nítorí pé kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ipa rẹ̀ nínú orin ìhà àríwá kò ṣe é fojú fò. Mdou Moctar, onígìtá ọmọ Túárẹ́gì láti orílẹ̀-èdè Niger, gba ohùn orin rẹ̀ Anar sílẹ̀ ní Sókótó ní ọdún 2008. Kí ilé-iṣẹ́ orin kankan tó gbé e jáde, àwọn ènìyàn ti fi Bluetooth àti káàdì ìrántí gbé e láti fóònù dé fóònù kárí agbègbè Sàhẹ́lì. Christopher Kirkley, ará Amẹ́ríkà, kó irú àwọn orin bẹ́ẹ̀ jọ láti inú fóònù àwọn ará Kidal ní Mali, ó sì gbé wọn jáde lábẹ́ àkọlé Music from Saharan Cellphones. Orin wọ̀nyí rìn láìní íntánẹ́ẹ̀tì nínú. Mítà 10 sí mítà 10 ni wọ́n fi la aṣálẹ̀ kọjá. Lónìí, àwọn ètò orí fóònù tí ń lo Wi-Fi, bíi Xender, ti gba ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ Bluetooth nítorí ìyára wọn.

Ewu àti ààbò

Nínú gbogbo ohun tí a lè so mọ́ kọ̀ǹpútà, kíbọ́ọ̀dù ni ó lágbára jù, nítorí pé ohunkóhun tí ó bá tẹ̀, kọ̀ǹpútà gbà pé olówó òun ni ó tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Bastille ní Amẹ́ríkà fi hàn pé rísífà USB àwọn máúsì kan ń gba ọ̀rọ̀ tí kò sí lábẹ́ àdìtú, tí àjèjì fi lè rán ìtẹ̀ bọ́tìnnì sínú kọ̀ǹpútà láti òkèèrè. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Marc Newlin, tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú ìwádìí ti àkọ́kọ́ náà, kéde àbùkù mìíràn nínú Bluetooth fúnra rẹ̀, tí ó mú kí ayédèrú kíbọ́ọ̀dù lè so mọ́ àwọn fóònù àti kọ̀ǹpútà kan láìjẹ́ pé olówó wọn fọwọ́ sí i. Láàárín méjèèjì, ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí fi hàn pé a lè tan ẹ̀rọ méjì láti gbà láti lo kọ́kọ́rọ́ tí kò gùn ju báìtì 1 lọ dípò 16, èyí tí kọ̀ǹpútà lè jálẹ̀ kíákíá. Àbùkù yìí ni a mọ̀ sí KNOB. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ gbé àtúnṣe jáde fún irú àbùkù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kò wúlò fún ẹ̀rọ tí a kò fi í sí. Ní ti òfin, Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015 ní Nàìjíríà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti wọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgba àṣẹ.

Ìgbésẹ̀ tí ń dáàbò bo olùlò kò pọ̀. Kí a gba àtúnṣe tuntun sínú kọ̀ǹpútà àti fóònù bí ó bá ti jáde. Kí a ṣe ìsomọ́ra níbi tí a ti mọ ẹni tí ó wà nítòsí, kí a sì ka nọ́ńbà oníye mẹ́fà náà lójú ẹ̀rọ méjèèjì kí a tó gbà. Kí a kọ ìbéèrè ìsomọ́ra tí a kò retí, ohun yòówù kí orúkọ rẹ̀ jẹ́. Kí a pa Bluetooth nígbà tí a kò bá ní iṣẹ́ fún un.

Èyí tí ó kù kan ọjà tòkunbọ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àti fóònù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń yí ọwọ́ padà. Kọ́kọ́rọ́ ìsomọ́ra kì í kúrò nínú ẹ̀rọ nítorí pé a ti tà á. Kíbọ́ọ̀dù olówó àtijọ́, tí ó bá ṣì wà nítòsí, lè máa tẹ̀wé sínú kọ̀ǹpútà tí ó ti di ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ ta ẹ̀rọ pa gbogbo orúkọ inú àkójọ Bluetooth rẹ̀ rẹ́ kí ó tó gbé e sílẹ̀, kí ẹni tí ó rà á sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó tó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ èyíkéyìí sínú rẹ̀.